Ìbéèrè Òǹkàwé: Túùbù Ańpílífáyà Àti Iná Bàìbàì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú. Mo fi ọwọ́ ara mi to ańpílífáyà (ẹ̀rọ tó ń fi kún agbára tí rédíò ń gbé jáde) fún rédíò ham, ìyẹn rédíò aláfẹ́ tí a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, tí mo ní ìwé àṣẹ rẹ̀. Túùbù 3-500Z kan ló wà nínú rẹ̀, 3000 fólítì ni mo sì ń fún áńóòdù rẹ̀, ìyẹn irin inú rẹ̀ tó ń gba iná gíga. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí gbogbo àdúgbò tan iná, 230 fólítì ilé wa a já sí 180, túùbù a máa pọ́n bàìbàì, àwọn tó ń gbọ́ mi a sì ní ohùn mi ń ya. Ṣé kí n ra sìtébíláísà ńlá ni, àbí kí n túbọ̀ fi agbára rédíò tì í? – Òǹkàwé, Ọ̀fà.

ÌDÁHÙN: Ẹ má tì í rárá. 5 fólítì ló yẹ kí fílámẹ́ńtì túùbù yìí (wáyà inú rẹ̀ tó ń gbóná) máa gbà, pẹ̀lú nǹkan bí ámpíà 15. Nígbà tí iná ilé bá já sí 180, 5 yẹn a di 3.9, fílámẹ́ńtì kò ní gbóná tó, èlétírọ́ọ̀nù tó ń tú jáde kò sì ní tó èyí tí ohùn yín ń béèrè nígbàkigbà tó bá ga. Ìdí nìyẹn tí ohùn fi ń ya. Bí ẹ bá tì í, gíríìdì, àwọ̀n wáyà inú túùbù tó ń darí èlétírọ́ọ̀nù, tí kò gbọ́dọ̀ ru ju wáàtì 20 lọ, ni yóò jìyà rẹ̀.

Ní ti áńóòdù, 3000 a wálẹ̀ sí nǹkan bí 2350. Èyí kò pa túùbù lára. Agbára tó ń jáde ló kàn dín kù, kí ẹ sì tún kàpásítọ̀ méjèèjì tí ẹ fi ń mú ańpílífáyà bá ìgbì rédíò mu yí díẹ̀. Nítorí náà, èmi kò rí ìdí tí ẹ ó fi náwó lé sìtébíláísà ńlá, pàápàá irú èyí tó máa ń ró kẹ́kẹ́ tí fólítì sì ń fò sókè sódò nígbà tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Wáàtì 75 péré ni fílámẹ́ńtì ń jẹ. Ẹ fún un ní tíráńsífọ́mà tirẹ̀, kí sìtébíláísà kékeré kan máa gbé òun àti fáànù. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ iná áńóòdù kúrò pátápátá, kí ẹ wọn fólítì lórí ẹsẹ̀ túùbù gan-an, kì í ṣe lẹ́nu tíráńsífọ́mà, nítorí pé wáyà tín-ín-rín àti kọ́ìlì tí ẹ wé sórí ọ̀pá fẹ́ráìtì a máa jẹ nínú rẹ̀. Láàárín 4.75 sí 5.25 ni kó wà.

Ìjàkadì lorò Ọ̀fà lóòótọ́, ṣùgbọ́n 3000 fólítì kì í bá ènìyàn jà lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá ti pa ańpílífáyà, iná ṣì wà nínú àwọn kàpásítọ̀ tó ń tọ́jú iná áńóòdù. Rìsísítọ̀ tó yẹ kó fà á gbẹ lè ti jó láìjẹ́ pé ojú rí i. Ẹ yọ ṣọ́ọ̀kì lára ògiri, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ẹ fi ọ̀pá oníke gígùn, tí wáyà tó ti orí rẹ̀ wá so mọ́ ara àpótí irin, kan ibi tí 3000 yẹn wà, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀ títí ẹ ó fi parí iṣẹ́. Ẹ má fi mítà wo 3000 yẹn: ọ̀pọ̀ mítà tí à ń rà kò gbà ju 1000 fólítì lọ.