Ṣé abúlé kan náà la ó máa lọ sinmi lọ́dọọdún?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Milton Keynes la wà, èmi, bàbá àwọn ọmọ àti àwọn ọmọ wa mẹ́ta: ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún 12, ọ̀kan ọdún 9, àbíkẹ́yìn ọdún 5. Nínú oṣù Kẹjọ ọdún tó kọjá, a lọ sinmi ní Wengen, abúlé kan lórí òkè ní Swítsàlandì. Láti ìgbà tí a ti dé, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu àwọn ọmọ. Ọkọ mi náà ti ní ibẹ̀ ni ká sọ di ibi ìsinmi wa, ká máa lọ lọ́dọọdún.

Èmi ò tíì mọ̀ bóyá mo fẹ́. Ibẹ̀ dára, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n bó ṣe rẹ̀ mí nígbà tí a dé ju bó ṣe rẹ̀ mí nígbà tí à ń lọ. Ojoojúmọ́ là ń wọkọ̀ láti orí òkè kan bọ́ sórí òkè kejì, torí a ti sanwó, a ò sì fẹ́ kí nǹkan kan ṣẹ́kù tí a ò rí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, èmi ti wà nídìí iná, mò ń se oúnjẹ tí a máa gbé dání, nítorí owó oúnjẹ ibẹ̀ ga ju àwọn òkè wọn lọ. Ọmọ wa kejì ní ẹ̀jẹ̀ SS, ọkọ mi sì ń sọ pé lọ́tẹ̀ yìí àfi ká dé Jungfraujoch, ibùdókọ̀ ojú irin tó wà lókè téńté níbẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní Ìjẹ̀bú-Òde ń béèrè ohun tí a fẹ́ fi òkè òyìnbó ṣe lọ́dọọdún tí a ò fi wá wo òun. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ni èmi ṣì ń lò, àwọn tó kù ní ti Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà èmi nìkan ni mò ń sáré físà.

Mo gbọ́ pé àwọn kan nínú yín ní ibi kan tí wọ́n máa ń padà sí. Ṣé kì í sú yín? Báwo lẹ ṣe ń ṣe é tó fi ń jẹ́ ìsinmi fún ìyá ilé pàápàá?

Ìyá Tómi

Ìdáhùn

Ìyá Tómi, ẹ kú làálàá, ẹ kú ìnáwó. Wengen náà ni àwa ń lọ láti Leeds, ó sì ti pẹ́ díẹ̀, torí náà màá bá yín sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an.

Ohun tí ẹ ṣe lọ́dún tó kọjá, ìran lẹ lọ wò. Kò burú. Gbogbo ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, torí bí ènìyàn bá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin tó gbójú sókè, tó rí òkè Jungfrau tó ga ní mítà 4,158, ta ló fẹ́ jókòó? Ṣùgbọ́n ẹni tó ń padà lọ ti bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn. Ó ti rí i. Òkè náà ò sì ń lọ síbì kankan. Lójú tèmi, èrè tó wà nínú ká máa padà síbi kan nìyí: pé ẹ lè jí láàárọ̀, kí ẹ má jáde rárá, kó má sì dà bíi pé ẹ ń fi owó ṣòfò. Ẹni tó lọ lo ọjọ́ mẹ́rin ní Róòmù kò lè dán irú ẹ̀ wò.

Ẹ wo ohun tí ó ń ṣe fún ìyá ọmọ nígbà tí a bá ti mọ ibẹ̀ tán. Ẹ rántí pé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kì í dé Wengen. Àwọn tó bá wakọ̀ wá á fi í sílẹ̀ ní Lauterbrunnen nísàlẹ̀, wọn á wọ ọkọ̀ ojú irin eléyín tó ti ń gun òkè yẹn láti ọdún 1893. Kò ju bí ìṣẹ́jú 15 lọ. Àwọn ọkọ̀ oníná kéékèèké tó ń kó ẹrù àlejò ni ẹ máa rí lójú títì. Nítorí náà, ọmọ ọdún 12 yín lè mú àbúrò rẹ̀ dání, kí wọ́n lọ ra búrẹ́dì kí wọ́n sì padà wá, nígbà tí ẹ̀yin ṣì wà lórí ibùsùn. Lọ́dún àkọ́kọ́ ẹ ò lè jẹ́ kí wọ́n lọ, torí ẹ ò mọ ọ̀nà, ẹ ò mọ ènìyàn. Tó bá di ọdún kejì, ẹni tó ń ta búrẹ́dì á ti dá wọn mọ̀. Ẹ sì mọ̀ pé aláwọ̀ dúdú ò pọ̀ níbẹ̀. Ojú tó ń wò yín lọ́dún àkọ́kọ́ ló máa di ojú tó ń rẹ́rìn-ín sí yín. Ará ibẹ̀ mọ ìkíni o. Lójú ọ̀nà orí òkè, gbogbo ẹni tí ẹ bá pàdé ló máa kí yín. Àwọn ọmọ tèmi tí wọn kì í kí aládùúgbò ní Leeds àfi tí mo bá ranjú mọ́ wọn, tí wọ́n bá dé Wengen, wọ́n á máa kí ènìyàn bí ọmọ tí wọ́n tọ́ lágboolé Ọ̀yọ́.

Òfin tí a ṣe nílé wa ni pé tí a bá jáde lónìí, a ò jáde lọ́la. Ọjọ́ tí a ò bá jáde, àwọn ọmọ á wà lórí pápá, èmi á gbé àga síta. Tí kùrukùru bá bo òkè láàárọ̀, a ò ra tíkẹ́ẹ̀tì kankan, torí funfun nìkan la máa lọ wò níbẹ̀. Tí a bá sì fẹ́ jáde, ibi tí kò lágbára lara là ń lọ. Ẹ rin àfonífojì Lauterbrunnen láti ibùdókọ̀ lọ sí abúlé Stechelberg. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, ìsun omi Staubbach ń dà sílẹ̀ láti ibi tó ga tó nǹkan bí mítà 300, ẹ ò sì ní san kọ́bọ̀ láti wò ó. Lójú ọ̀nà yẹn náà ni Trümmelbach wà, ìsun omi mẹ́wàá nínú ikùn òkè, tó ń gbé omi yìnyín àwọn òkè Eiger, Mönch àti Jungfrau wá sílẹ̀, tó fi máa ń tó lítà 20,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nígbà tó bá kún. Wọn kì í jẹ́ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 4 wọlé, ẹ̀yin ti bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n òtútù wà nínú ihò náà, omi sì ń ta síni lára, ẹ fi aṣọ tó nípọn bo ọmọ yín kejì dáadáa. Èyí tí èmi fẹ́ràn jù ni ká wọ ọkọ̀ orí wáyà láti Wengen lọ sórí òkè Männlichen, ká wá fẹsẹ̀ rìn sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ dé Kleine Scheidegg. Wákàtí kan àbọ̀ ni ẹsẹ̀ àgbà, tọmọdé á jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí wọ́n á dúró sọ́dọ̀ gbogbo màlúù tó bá so agogo mọ́rùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró.

Ọ̀rọ̀ ọmọ yín kejì ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Mítà 1,274 ni Wengen fúnra rẹ̀. Jos tiwa fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ òfuurufú tó gbé yín lọ sì sábà máa ń fúyẹ́ ju ti Wengen lọ. Jungfraujoch ni wàhálà wà. Mítà 3,454 ni ibùdókọ̀ yẹn, òun ló ga jù ní Yúróòpù, láti ọdún 1912 ni wọ́n sì ti ń gbé èrò débẹ̀. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta dín sí ti etí òkun, wákàtí díẹ̀ sì ni ọkọ̀ fi ń gbéni débẹ̀, kí ara tó mọ̀ pé ohun kan ṣẹlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ SS kò fẹ́ àìtó afẹ́fẹ́, kò fẹ́ òtútù, kò fẹ́ kí omi gbẹ lára. Èyíkéyìí nínú wọn lè mú kí ẹ̀jẹ̀ há sínú iṣan kí ìrora dé. Gbogbo wọn ló wá péjọ sórí òkè yẹn. Èmi ò ní gbé e lọ. Tó bá wu Bàbá Tómi, kí òun àti àkọ́bí lọ, kí wọ́n ya fọ́tò wá. Kódà ní ti Männlichen tó lé ní mítà 2,200, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn dókítà tó ń tọ́jú ọmọ náà, kí ẹ tó san owó ohunkóhun. Kí wọ́n kọ ìwé nípa àìsàn rẹ̀ àti oògùn rẹ̀ fún yín. Nígbà tí ẹ bá ń ra ìǹṣọ́ránsì ìrìn-àjò, ẹ sọ ọ́ síta pé ó ní SS, ẹ sì wò ó bóyá owó bàálù tó ń gbé aláìsàn lórí òkè wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fi àìsàn pa mọ́ fún oníǹṣọ́ránsì, owó rẹ̀ ló dà sómi.

Ní ti ìdáná: kí ọkọ yín se é. Mi ò fi ṣeré. Ẹni tó ní ká máa lọ lọ́dọọdún gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ìkòkò wà. Ẹ gbé gaàrí, èlùbọ́ àti ata gígún dání. Ẹran, wàrà àti ṣíìsì láti Gẹ̀ẹ́sì ni wọn kì í fẹ́ kí ẹ gbé wọlé, ilé ìtajà Coop tó wà nítòsí ibùdókọ̀ lẹ ti máa rà wọ́n. Tó bá di ọjọ́ Sátidé, ẹ ra ohun tí ẹ máa lò lọ́jọ́ Àìkú, torí ọ̀pọ̀ ilé ìtajà Swítsàlandì kì í ṣí lọ́jọ́ náà. Omi ẹ̀rọ dára fún mímu, ẹ má ra ti inú ike. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má se panla nínú ilé onípákó yẹn. Òórùn rẹ̀ á wọ ara igi, onílé ò sì ní gbà yín mọ́.

Màmá Ìjẹ̀bú-Òde ní ẹjọ́ tó tọ́ o. Ẹ má bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ láàárín ara wa: tí a bá lọ sílé, ṣé ìsinmi là ń lọ fún? Ìgbéyàwó, òkú, àlejò láàárọ̀, àlejò lálẹ́, àpò tó ń ṣófo. Àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ìyá bàbá wọn, kò sí òkè tó lè rọ́pò ìyẹn. Ohun tí àwa ń ṣe ni pé ọdún tí a bá fẹ́ lọ sílé fún Kérésì, ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo la ń lò ní Wengen, kí owó lè tó. Ẹ̀yin náà ẹ dá ọjọ́ ilé kí ẹ tó dá ti òkè, kí ọkọ yín sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ìyá rẹ̀. Kó má ṣe jẹ́ lórí WhatsApp ni wọ́n ti máa kọ́kọ́ rí màlúù.

Ṣé kì í súni? Kò tíì sú wa. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń padà síbẹ̀ tipẹ́. Ní 1925 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ oníṣíkì kan sílẹ̀ ní Wengen, Downhill Only, ó wà títí dòní. Ọmọ tó ń padà lọ sì ń rí ohun tí ẹni tó lọ lẹ́ẹ̀kan kò lè rí. Láàárín 2022 àti 2023 nìkan, ìdá 10 nínú 100 yìnyín àwọn òkè Swítsàlandì ló yọ́ dànù. Ọmọ mi àgbà máa ń ya fọ́tò yìnyín ara Eiger láti ojú kan náà lọ́dọọdún, ó sì ń tò wọ́n síra. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọdún tí wọ́n bá ní àwọn ò lọ mọ́, a ò ní fipá mú wọn.

Ó ku físà Schengen, èyí tí a fi ń wọ Swítsàlandì àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù. Swítsàlandì lẹ máa bẹ̀, torí ibẹ̀ lẹ ti máa lo ọjọ́ jù. Yúrò 90 ni fún àgbà. Ẹ lè fi ìwé sílẹ̀ láti bí oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn-àjò, ó sì pẹ́ tán, kó ku ọjọ́ 15. Ìǹṣọ́ránsì ti físà gbọ́dọ̀ tó yúrò 30,000. Àǹfààní ẹni tó ń padà lọ wà níbí náà: ẹni tó bá ti gba físà mẹ́ta láàárín ọdún méjì, tó sì lò wọ́n bó ṣe yẹ, òfin ní kí wọ́n fún un ní ti ọdún kan tó lè fi wọlé léraléra, lẹ́yìn ìyẹn ti ọdún méjì, lẹ́yìn náà ti ọdún márùn-ún. Torí náà ẹ tọ́jú gbogbo ìwé ìrìnnà yín àtijọ́, ẹ má jù ú nù. Àwọn onípásípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì yín tí wọ́n ń rìn fàlàlà, àwọn náà ti ń tẹ̀ka ní ẹnubodè láti oṣù Kẹwàá 2025, àfi ọmọ tí kò tíì pé 12.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kẹjọ ni àwa sábà máa ń lọ, torí ọjọ́ kìíní oṣù náà ni ọdún orílẹ̀-èdè wọn, wọ́n á dáná sórí òkè lálẹ́. Tí ẹ bá bọ́ sí ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí bàbá Tómi àti ọkọ mi lè jọ gun Jungfraujoch wọn lọ, kí àwa jókòó.

Ìyá Dámi, Leeds