Ẹ Bi Wá: Hercules lórí àwòrán bàbà

Mo rí àwòrán àtijọ́ kan: ọkùnrin oníhòòhò, iṣan rẹ̀ rí bí ebè iṣu, kùmọ̀ ní ọwọ́ kan, ìwo ẹran ní ìkejì. Wọ́n ní ọdún 1589 ni. Ta ni?

Hercules ni, akọni inú ìtàn ìwáṣẹ̀ Gíríìsì àti Róòmù. Hendrick Goltzius ló fín in sórí bàbà ní Haarlem, ní Nẹ́dálándì, kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ohun ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, torí iṣan kì í sọ orúkọ ẹni. Kùmọ̀ àti awọ kìnnìún la fi ń dá Hercules mọ̀. Awọ kìnnìún Nemea ni, ìlú kan ní Gíríìsì: ohun ìjà kò ran kìnnìún náà, ọwọ́ lásán ni Hercules fi fún un lọ́rùn pa.

Ìwo yẹn ló gbé ìtumọ̀ tó jinlẹ̀ jù. Achelous, òrìṣà odò, di akọ màlúù láti bá a jà, Hercules sì ṣẹ́ ìwo rẹ̀ kan. Àwọn omidan inú omi kó èso àti òdòdó kún un, ó sì di àmì ọ̀pọ̀. Ẹ wo ibi tó wà lẹ́yìn akọni náà dáadáa, ìjà náà wà níbẹ̀, ó kéré gan-an. Nẹ́dálándì ń bá Spéìn jà nígbà náà, ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ kan fi ka ara oníkókó yìí sí àmì àwọn ìpínlẹ̀ Nẹ́dálándì tó para pọ̀. Ó bọ́gbọ́n mu lójú tiwa: bí wọ́n bá ṣẹ́gun tán, ọ̀pọ̀ á dé.

Báwo ni ìlà lásán ṣe mú iṣan wú?

Bí irin ìfín bá ṣe wọnú bàbà tó ni ìlà ṣe ń nípọn. Goltzius á bẹ̀rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbi òjìji, á sì tún gbé ọwọ́ fúyẹ́. Wọ́n á fi tàdáwà kún ojú ìlà, wọ́n á nu òkè bàbà mọ́, wọ́n á tẹ́ bébà ọ̀rinrin lé e, ó di abẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Bí bébà bá gbẹ, kò ní wọnú ìlà, ìlà á já. Bí wọ́n bá nu bàbà jù, tàdáwà á bá aṣọ lọ. Bí ìlà bá sún mọ́ra jù, àárín wọn á wó, ibẹ̀ á dúdú kirikiri.

Tèmi kọjú sí òdìkejì. Ayédèrú ni bí?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àdàkọ. Ìtẹ̀wé máa ń yí ọ̀tún sí òsì. Ẹni tó bá da àwòrán kọ tààrà sórí bàbà, òdìkejì ni yóò tẹ̀ jáde. Ẹ wọn gíga rẹ̀ pẹ̀lú: ojúlówó lé ní 50 sẹ̀ǹtímítà.