Ẹ Béèrè, A Ó Dáhùn: Ṣéènì Rọ́bọ́ọ̀tì Tó Ń Fò Lórí Eyín

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Ṣéènì ọ̀kadà ló ń yí táyà rọ́bọ́ọ̀tì tí a ń kọ́ fún ìdíje. Sprocket (irin róbótó eléyín tí ṣéènì ń gùn) ara mọ́tọ̀ ní eyín 14, ti táyà ní 36, àárín ṣáfútì méjèèjì sì jẹ́ 300 mm. Ṣéènì náà dẹ̀, la bá fi túùbù táyà tí a gé tẹ́ẹ́rẹ́ fa bẹ́ríǹ kan mọ́ ọn lára. Tó bá ń lọ síwájú, kò sí wàhálà. Tó bá ti fẹ́ padà sẹ́yìn báyìí, ṣéènì á fò, nígbà mìíràn á yọ pátápátá. Kí la lè ṣe láìra pààtì láti òkè òkun? (Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Àkúrẹ́)

ÌDÁHÙN: Túùbù yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ tú kúrò. Apá méjì ni ṣéènì ní: ọ̀kan ń fa ẹrù, èkejì ń padà bọ̀ lófo, èyí tó ń bọ̀ lófo yìí ló máa ń dẹ̀. Apá ìsàlẹ̀ ló sábà máa ń dẹ̀ lára ọ̀kadà, torí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í wà á sẹ́yìn. Rọ́bọ́ọ̀tì kò rí bẹ́ẹ̀. Bí mọ́tọ̀ bá yí padà, apá tí túùbù ń tì gan-an ló di apá tó ń fa ẹrù. Yóò na gbọnrangandan, yóò ti bẹ́ríǹ yín sẹ́gbẹ̀ẹ́, gbogbo ìdẹ̀ yóò sì sá lọ sí apá kejì tí kò sí nǹkan kan tó dì í mú. Ibẹ̀ ló ti ń fò. Ẹ má so túùbù méjì mọ́ ọn, ẹ má sì fi sípíríǹ rọ́pò rẹ̀; fún ṣéènì tó ń lọ tó ń bọ̀, ohun tí a fà tí a sì dè pa ló yẹ.

Ṣùgbọ́n kí ló tiẹ̀ mú un dẹ̀? Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ṣéènì ọ̀kadà àti ti kẹ̀kẹ́ jẹ́ 12.7 mm láti pínnì kan sí èkejì. Ẹ sọ àárín ṣáfútì di ìlọ́po méjì, ẹ fi 12.7 pín in: 47.2. Ẹ ro ìdajì àpapọ̀ eyín mọ́ ọn, ìyẹn 25. Torí pé sprocket kan tóbi ju èkejì, nǹkan bí ìdajì oríkèé (ẹyọ kan lára ṣéènì, láti pínnì kan sí èkejì) ṣì máa wọ̀ ọ́. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 72.8. Ṣéènì kì í sì í so dáadáa àfi bí iye oríkèé rẹ̀ bá ṣeé pín sí méjì. Oríkèé 72 kò ní dé. 74 lẹ lò, òun ló dẹ̀. Bí àárín ṣáfútì bá jẹ́ 308 mm, 74 á ṣe rẹ́gí. Bó bá jẹ́ 295 mm, 72 á ṣe rẹ́gí. Ibi tí ẹ lu ihò sí ló fa wàhálà, ṣéènì kò ṣẹ̀ yín.

Ẹ wo ìyàtọ̀ 308 àti 295: kò ju 13 mm lọ. Ìyẹn ni pé bí mọ́tọ̀ bá lè sún tó 13 mm, ẹ ó bá ibi tó yẹ pàdé láìka sprocket tí ẹ lò sí. Ẹ fi 5 mm kún un fún ìgbà tí ṣéènì bá gbó. Ẹ sọ ihò bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó di mọ́tọ̀ mú di ihò gbọọrọ. Fún bóòtù M8 (oní 8 mm), ẹ lu ihò 8.5 mm mẹ́ta sórí ìlà kan, kí àárín ìkíní àti èkejì jẹ́ 9 mm, kí ẹ wá fi fáìlì yọ irin tó kù láàárín wọn.

Lẹ́yìn náà, ohun tí yóò ti mọ́tọ̀. Ẹ wo bóòtù kékeré méjì tó wà lẹ́yìn táyà ọ̀kadà: iṣẹ́ kan náà ni. Kí wẹ́dà jó nọ́ọ̀tì M6 mọ́ irin onígun méjì, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, kí bóòtù 50 mm gba inú wọn ti pátákó mọ́tọ̀, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì míì tí yóò tì í pa. Ìyípo kan bóòtù M6 jẹ́ 1 mm, ẹ ka ìyípo náà, kí tòsì tọ̀tún sì dọ́gba. Bí ọ̀kan bá yá ju èkejì, mọ́tọ̀ á wọ́, ṣéènì á máa gun ẹ̀gbẹ́ eyín. Ẹ gbé irin tó tọ́ lé ojú sprocket méjèèjì, kí ó fara kan àwọn méjèèjì láìsí àlàfo.

Ní àárín 300 mm, kí ṣéènì ṣeé fi ìka gbé sókè-sódò 6 sí 9 mm. Mẹkáníìkì ọ̀kadà á ní kí ẹ fi 25 sí 30 mm sílẹ̀. Òótọ́ ni fún ọ̀kadà, torí táyà ẹ̀yìn rẹ̀ ń fò sókè-sódò, tiyín kì í fò. Ẹ wọ̀n ọ́n níbi tó ti le jù, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yí táyà káàkiri, nítorí sprocket tí wọ́n jó mọ́ ṣáfútì kì í sábà wà láàárín gédégédé. Bó bá le ju èyí lọ, bátìrì á tètè tán, bẹ́ríǹ á sì bàjẹ́. Tí ẹ bá fọwọ́ tẹ férémù tí ìdẹ̀ ṣéènì sì yí padà, ẹ kọ́kọ́ fi irin kún férémù.

Tí mọ́tọ̀ kò bá ní àyè láti sún rárá, ẹ gé pátákó ike funfun tí wọ́n fi ń gé ẹran, kó nípọn tó 15 mm, ẹ fá ẹnu rẹ̀ méjèèjì róbótó, ẹ fi bóòtù méjì nínú ihò gbọọrọ dè é pa mọ́ apá kan ṣéènì. Á máa jẹ díẹ̀díẹ̀. Ẹ gé méjì dání.

ÌBÉÈRÈ: Ṣéènì kẹ̀kẹ́ ló ń gbé apá rọ́bọ́ọ̀tì wa sókè. Tó bá di ẹrù mú, ṣéènì á fo eyín kan, apá á sì sọ̀ kalẹ̀. Eyín 36 ló wà lára apá, 9 lára mọ́tọ̀. (Olùkọ́ kan, ìlú Oǹdó)

ÌDÁHÙN: Ẹ̀yin ní ànfààní tí ti òkè kò ní: apá yín kì í yí yípo, ó ń gbéra ní ìdá mẹ́rin ìyípo lásán. Ẹ lè gé ṣéènì níbì kan tí kò ní dé eyín láé, kí ẹ fi turnbuckle so ó padà, irin tí wọ́n fi ń fa wáyà òpó èríàlì le, tí ẹnu rẹ̀ méjèèjì ń súnmọ́ra bí a bá yí àárín rẹ̀. Ìdá mẹ́rin eyín 36 jẹ́ oríkèé 9, ìyẹn 114 mm. Bí turnbuckle àti ìsopọ̀ rẹ̀ bá gùn tó 100 mm, apá ṣéènì tó tọ́ gbọ́dọ̀ ju 214 mm lọ. Ẹ jẹ́ kó tó 230. Ẹ fi wáyà dè é kó má baà tú fúnra rẹ̀.

Eyín 9 yẹn kéré jù, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Bí àyè bá wà, ẹ fi 18 àti 72 rọ́pò wọn: apá á ní agbára kan náà, ṣùgbọ́n ipá tó ń fa ṣéènì á dín sí ìdajì.

ÌBÉÈRÈ: Kílíìpù oríkèé ìsopọ̀, èyí tó so ẹnu ṣéènì méjèèjì pọ̀, ń já bọ́. Ọ̀nà wo ló yẹ kó kọjú sí?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀yìn rẹ̀ tó dì ni kó ṣíwájú, ẹnu tó là kó máa tẹ̀lé e. Rọ́bọ́ọ̀tì ń lọ ó ń bọ̀, nítorí náà ẹ tẹ̀lé ọ̀nà tó ń lọ jù, kí ẹ sì fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ so ẹnu kílíìpù náà. Ẹ lo kílíìpù tuntun; èyí tí ẹ ti yọ lẹ́ẹ̀mejì ti ya ẹnu. Bó bá jẹ́ ṣéènì àlòkù ni, ẹ wọn oríkèé 12 kó tó di pé ẹ rà á: 152.4 mm ni tuntun, bó bá ti kọjá 154.7, ẹ dá a padà fún mẹkáníìkì.