Àkọ̀ ni ilé idà: báwo la ṣe mọ bí àkọ̀ àwọn ará Róòmù ṣe rí?

Ẹnì kan bi mí pé ilé wo ni òwe yìí ń wí: "Idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́." Ó fi kún un pé òun rí àwòrán àkọ̀ idà Róòmù kan tó rẹwà, ṣùgbọ́n àfọ́kù idẹ nìkan ni wọ́n hú nínú ilẹ̀. Ta ló wá sọ bí ìyókù ṣe rí fún wọn?

Ẹ jẹ́ kí n ti òwe bẹ̀rẹ̀. Àkọ̀ ni ilé tí a dìídì kọ́ fún idà. Ibẹ̀ ló ń sùn, ibẹ̀ ni òjò kò ti lè pa á, ibẹ̀ la sì ti ń fà á yọ. Bí ó bá wá ń gé àkọ̀ láti inú, ó rò pé nǹkan ẹlòmíràn lòun ń bà jẹ́. Ẹni tó ń tú ìdílé tàbí ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bò ó ká, tó tún ń fọ́nnu sí i, òun la ń pa á fún.

Àwọn ará Róòmù pe ilé yìí ní vagina. Àkọ̀ gan-an ló túmọ̀ sí lédè Látìnì. Ẹ̀yìn náà ni àwọn oníṣègùn yá a lò fún ẹ̀yà ara obìnrin. Inú rẹ̀ ni àwọn ará Sípéènì ti rí vaina, tí wọ́n sì pe èso fànílà ní vainilla, ìyẹn àkọ̀ kékeré.

Ó wá ku ti àfọ́kù idẹ. Igi pẹlẹbẹ méjì ni wọ́n fi ń ṣe àkọ̀ gladius, idà kúkúrú àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀. Wọ́n á pa igi méjèèjì dé ara wọn, wọ́n á fi awọ bò ó, wọ́n á wá fi idẹ dè é. Láti nǹkan bí 2,000 ọdún, igi ti jẹrà, awọ ti jẹrà, idẹ ló dúró ṣe ẹlẹ́rìí.

Ẹ mú ẹyọ kan lọ́wọ́: idẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tẹ̀ bíi gọ́tà, tó máa ń di etí àkọ̀ mú. Ẹ wọn inú rẹ̀, ẹ ti mọ bí igi pẹ̀lú awọ ṣe nípọn tó létí. Ọ̀já idẹ tó yí àkọ̀ ká ń sọ bóyá ó tẹ́ pẹrẹsẹ tàbí ó wú láàárín. Ṣùgbọ́n ìpẹtà ló wú mi lórí jù. Bí irin bá dípẹtà nínú àkọ̀, ìpẹtà náà á wọ inú igi, á gbà á mọ́ra, débi pé ìlà ara igi ṣì máa ń hàn lára irin. Idà tí òwe ní ó ń wó ilé ara rẹ̀ ló tún pa àmì ilé náà mọ́.

Àṣìṣe tó burú jù ni kí èèyàn da ẹ̀yà gladius méjì pọ̀, tí wọ́n fi orúkọ ìlú Mainz ní Jámánì àti Pompeii ní Ítálì pè. Ti Mainz ní ṣóńṣó tó gùn tó sì ń tín-ín-rín lọ, idẹ bíi gọ́tà náà sì gba etí àkọ̀ kọjá látòkè délẹ̀. Ti Pompeii tó dé lẹ́yìn rẹ̀ tọ́ gbọọrọ, ṣóńṣó rẹ̀ kúrú, ìsàlẹ̀ nìkan ni idẹ etí rẹ̀ wà. Ẹni tó bá fi ìdí ti Pompeii sábẹ́ ẹnu àkọ̀ ti Mainz ti ṣe ohun tí ọmọ ogun kankan kò gbé rí.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Mainz ní Jámánì ni wọ́n ti rí i ní 1848, wọ́n sì ń pè é ní idà Tiberius, ọba tó jẹ láti ọdún 14 sí 37. Lẹ́nu àkọ̀ náà, ọba jókòó, ó gbé apá lé asà tí wọ́n kọ FELICITAS TIBERI sí, ìyẹn oríire Tiberius. Lágbedeméjì ni ojú èèyàn kan wà nínú òbìrípo. Nísàlẹ̀, tẹ́ńpìlì kan wà, lábẹ́ rẹ̀ sì ni obìnrin jagunjagun kan tó di àáké olójú méjì mú.

Òrùka mẹ́rin ló sábà máa ń wà lára ọ̀já àkọ̀, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì. Ère orí òkúta ibojì wọn fi hàn pé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni ọmọ ogun lásán ń fi idà kọ́ sí, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lórí bí okùn awọ ṣe gba inú òrùka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kó kọ́kọ́ wo ibi tí okùn ti jẹ òrùka kó tó gé awọ.