Ẹgbẹ́ wa fẹ́ ní group tiẹ̀ lórí server tiẹ̀, èwo ni ká gbé kalẹ̀?

Ìbéèrè: Ọ̀gá, òkun o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè kan níbí n'Ísánlú. WhatsApp la ti ń lò látọjọ́ tó ti pẹ́, àmọ́ lóṣù tó kọjá wọ́n jí fóònù alága wa, òun nìkan sì ni admin, ẹni tó jí i wá bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ owó lórúkọ ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa tó wà l'Ábújá àti lókè òkun, àwọn mẹ́ta ti fowó ránṣẹ́ ká tó mọ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn app kan wà téèyàn lè gbé sórí server ara ẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí gbogbo ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá, tí ò ní sí lọ́wọ́ iléeṣẹ́ kankan. Ṣé òótọ́ ni? Èwo ni ká mú? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ rántí pé itel kékeré ni púpọ̀ nínú àwọn àgbà wa ń lò, iná ò dúró, nẹ́tíwọọ̀kì náà, ẹ mọ bó ṣe ń rí.

Ìdáhùn: Òkun o, akọ̀wé, ẹ kú ọ̀rọ̀ owó tó lọ yẹn, ó dùn mí gan-an.

Òótọ́ ni, wọ́n wà, wọ́n sì pọ̀. Àmọ́ kí n tó dárúkọ ìkankan, ẹ jẹ́ n bi yín, ta ló máa tọ́jú ẹ̀? Torí ohun tó kó bá yín yẹn, kì í ṣe ààbò WhatsApp ló já, láti 2016 ni wọ́n ti ń ti ọ̀rọ̀ pa láti fóònù ẹni tó kọ ọ́ dé fóònù ẹni tó máa kà á. Ẹnì kan ṣoṣo ló mú kọ́kọ́rọ́ ilé, ibẹ̀ ni wàhálà ti wọlé. Tẹ́ ẹ bá kó lọ sórí server tiyín, tó tún jẹ́ pé ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló mọ password ẹ̀, tí ọmọ yẹn sì ríṣẹ́ sí Port Harcourt lọ́la, ẹ ò tíì kúrò níbi tẹ́ ẹ wà. Nítorí náà lónìí yìí, kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ fi èèyàn méjì kún admin tó wà nílẹ̀, kí gbogbo wọn lọ sí Settings, Account, kí wọ́n tan Two-step verification, kí wọ́n sì fi PIN sórí SIM wọn, kí ẹni tó bá jí SIM má kàn lè kì í bọ fóònù míì kó sì gba code.

Ó dáa, ká wá bọ́ sórí app. Matrix lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́, 2014 ló jáde, òun ni ìjọba Faransé fi ṣe Tchap tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wọn ń lò, àwọn ológun Jámánì náà fi ṣe tiwọn. Ó lágbára lóòótọ́, àmọ́ Synapse tó jẹ́ server ẹ̀ máa ń jẹ mẹ́mọ́rì, database ẹ̀, ibi tó ń kó ọ̀rọ̀ pa mọ́ sí, á sì máa wú lójoojúmọ́, ó fẹ́ ẹni tó ń gbowó oṣù láti máa wò ó. Mattermost àti Rocket.Chat, ti ọ́fíìsì nìyẹn. Zulip wù mí púpọ̀, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ sábà máa ń ní àkòrí tiẹ̀ kí nǹkan má bàa dàrú, àmọ́ bàbá tó fẹ́ kàn sọ pé “Ẹ káàárọ̀ ẹ̀yin èèyàn mi” ò ní fẹ́ máa ro àkòrí kó tó kí wa.

Ẹ mú Snikket. Ọ̀fẹ́ ni, kóòdù ẹ̀ wà ní gbangba, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà lè kà á. Orí XMPP ló jókòó lé, ìlànà tí app àti server fi ń gbé ọ̀rọ̀ fún ara wọn, tí wọ́n ń pè ní Jabber nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1999, ìgbà yẹn íntánẹ́ẹ̀tì orí wáyà tẹlifóònù ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò. WhatsApp fúnra ẹ̀ nígbà tó kéré, orí ejabberd tó jẹ́ server XMPP ni wọ́n kọ́ ọ lé. Nẹ́tíwọọ̀kì tiwa níbí yìí ni mo rò tí mo fi mú un. Mo wà nínú mọ́tò láti Kàbà ń bọ̀ n'Ísánlú lọ́jọ́ kan, a ti kọjá Ayétòrò, E kékeré ló kù lókè fóònù mi, mo kọ ọ̀rọ̀ lórí Snikket, kò lọ, mo fi fóònù sápò. A dé Mọ̀pà, 3G padà, ó lọ fúnra ẹ̀, mi ò tún un tẹ̀, kò sì dé lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ má gbé server yẹn sílé o. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní ká ra kọ̀ǹpútà kékeré ká so ó mọ́ inverter. Ká tiẹ̀ ní iná wà, SIM tẹ́ ẹ fi ń gba íntánẹ́ẹ̀tì ò ní àdírẹ́ẹ̀sì tiẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ni wọ́n ń kó sábẹ́ àdírẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo, ẹni tó wà níta ò ní ríbi kan ilẹ̀kùn yín. Ẹ háyà server kékeré ní Jámánì tàbí Finland, nǹkan bíi yúrò márùn-ún lóṣù, mẹ́mọ́rì 1GB ti tó o, kẹ́ ẹ sì ra orúkọ tó parí sí .com.ng lórúkọ ẹgbẹ́.

Ẹ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ owó yẹn, torí ibẹ̀ ni mo ti rí àṣìṣe jù. Káàdì náírà máa ń wàhálà láti san owó lókè òkun, ni ẹgbẹ́ á bá ní kí ọmọ wa kan lọ́hùn-ún bá wa san. Alájẹṣẹ́kù kan tí mo bá gbé e kalẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, orúkọ ọmọ yẹn àti email ẹ̀ ni wọ́n fi forúkọ sílẹ̀, káàdì ẹ̀ kú, ìkìlọ̀ ń wọ email tí kì í ṣí, ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà àwọn tó ni server pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Orí server kan náà ni èmi sì kó backup, ìyẹn ẹ̀dà gbogbo nǹkan, sí, èmi ni mo jẹ̀bi ìyẹn. Látìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni tí ì báà sanwó, email ẹgbẹ́ ni mò ń lò, èèyàn méjì ló ń ṣí i, backup ń lọ síbòmíì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo sì máa ń dá a padà sórí kọ̀ǹpútà mìíràn lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta kí n fojú ara mi rí i pé ó ṣí.

Gbígbé e kalẹ̀ fúnra ẹ̀ ò le, ọ̀dọ́ tó bá mọ Linux díẹ̀ á ṣe é ní ìrọ̀lẹ́ kan: Docker tó máa gbé Snikket ṣiṣẹ́ lórí server, orúkọ mẹ́ta nínú DNS, ìwé tó ń júwe ibi tí orúkọ kọ̀ọ̀kan wà (chat, groups.chat àti share.chat níwájú orúkọ yín), fáìlì kan tí ẹ máa kọ domain, ìyẹn orúkọ yín orí íntánẹ́ẹ̀tì, àti email sí, certificate tó ń fi hàn pé server yín gan-an ni á wá fúnra ẹ̀ lọ́dọ̀ Let's Encrypt lọ́fẹ̀ẹ́. Port 5222, ojú ọ̀nà tí app ń gbà wọ server, ni wọ́n máa ń gbàgbé láti ṣí. Kò béèrè nọ́ńbà fóònù, líǹkì ìpè lẹ máa fi ránṣẹ́ sí oníkálukú, ẹni tí ẹ ò bá pè ò lè wọlé, ìyẹn nìkan á dín ọwọ́ àwọn oníjìbìtì kù.

Nǹkan méjì wà tó máa ń jẹ́ kí àwọn àgbà sọ pé kò ṣiṣẹ́. Àkọ́kọ́, itel, Tecno àti Infinix máa ń pa app tó bá wà lẹ́yìn kí bátìrì má bàa tán. Ìyá kan ní Kàbà pè mí pé àfi tí òun bá ṣí i ni ọ̀rọ̀ tó ń wọlé, mo gba fóònù lọ́wọ́ wọn, mo lọ síbi bátìrì, mo yọ Snikket kúrò nínú ohun tí fóònù ń pa, a ò tíì kúrò ní ìdí tábìlì tó fi dún. Ẹ ṣe èyí fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lójúkojú, ẹ má fi ṣàlàyé lórí group. Ìkejì, ọjọ́ méje péré ni server ń tọ́jú ọ̀rọ̀ àti fọ́tò tẹ́ ò bá yí i padà, ẹni tó wà lóko fún ọ̀sẹ̀ méjì á pàdánù, ẹ kọ SNIKKET_RETENTION_DAYS=30 sínú fáìlì tẹ́ ẹ kọ domain sí yẹn, á wá tọ́jú wọn fún ọgbọ̀n ọjọ́. Ìwé owó àti àkọsílẹ̀ ìpàdé, ẹ máa kó wọn síbòmíì.

Kò ní ìpè ọ̀pọ̀ èèyàn, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣèpàdé lójú fídíò ẹ lo Jitsi Meet.

Ẹ má sì kó gbogbo ẹgbẹ́ lọ lọ́jọ́ kan. Ìgbìmọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kó síbẹ̀, ọ̀rọ̀ owó ni kẹ́ ẹ máa sọ níbẹ̀, kẹ́ ẹ kéde fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ pé ìbéèrè owó kankan ò ní gba orí WhatsApp mọ́. Ìkíni, òkú àti ìgbéyàwó lè ṣì wà lórí WhatsApp fún ọdún kan. Tẹ́ ẹ bá ti rí èèyàn méjì tó máa mú kọ́kọ́rọ́, kí wọ́n wá bá mi ní Kàbà, a ó jọ jókòó ṣe é, mi ò gbowó fún ìyẹn.