Akọni tó ń fi ọwọ́ òsì fún ọba ní obì

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ. O ní láti ọdún tó kọjá lo ti ń ṣe géèmù RPG rẹ (géèmù ìtàn tí ènìyàn ti ń darí akọni kan) ní Àjàṣẹ́, o ya akọni rẹ títí ó fi sú ọ, síbẹ̀ gbogbo ẹni tó bá wò ó ń sọ pé kò yàtọ̀ sí àwọn ará ọjà tó yí i ká. O wá ń béèrè pé ṣé kí o kúkú jẹ́ kí ẹni tó ń gbá géèmù náà fọwọ́ ara rẹ̀ yan irun, aṣọ àti àwọ̀ ara fún un. O pè mí ní ẹ̀gbọ́n, bí ẹ̀gbọ́n náà ni mo ṣe máa dá ọ lóhùn: má tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń ṣe akọni rẹ, yíyàn ò lè wò ó sàn. Ohun kan náà ló gba ọdún kan àbọ̀ lọ́wọ́ mi níbí ní Kétu.

Àbẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń pe akọni tèmi. Ọmọ ọdẹ ni. Bàbá rẹ̀ wọ igbó kò padà, ó wá bọ́ sọ́nà láti wá a lọ. RPG Maker MV, ẹ̀rọ orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe géèmù, ni mo fi ń ṣe é, ààyè tí ènìyàn kan sì ní lórí ilẹ̀ nínú ẹ̀rọ yẹn kò ju píkísẹ́lì 48 ní ìbú àti 48 ní òró (píkísẹ́lì ni ẹ̀kán àwọ̀ kéékèèké tó ń para pọ̀ di àwòrán). Èmi ò tiẹ̀ ro ìyẹn. Orí pépà ńlá ni mo kọ́kọ́ yà á sí. Mo fi iyùn sí i lọ́rùn, mo fi bèbè sí i nídìí, mo kọ pélé sí i lẹ́rẹ̀kẹ́ méjèèjì, mo so àdó mọ́kànlá àti owó ẹyọ mọ́ ẹ̀wù ọdẹ lára rẹ̀, mo di irun rẹ̀ ní ìpàkọ́-ẹlẹ́dẹ̀, mo sì ya ojú irun náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rẹwà. Kò sẹ́ni tó rí pépà náà tí kò yìn mí.

Ìgbà tí mo wá fún un pọ̀ sínú píkísẹ́lì 48 ni ojú mi là. Àdó mọ́kànlá di ẹrẹ̀. Iyùn di ẹ̀jẹ̀ lọ́rùn ọmọ ọlọ́mọ. Ní ti pélé, ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀: orí Àbẹ̀kẹ́ nínú ààyè yẹn kò ju nǹkan bí 20 píkísẹ́lì lọ ní ìbú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan kò sì ju mẹ́rin lọ. Ilà mẹ́ta nílò ó kéré tán márùn-ún, torí àlàfo gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn kí ojú tó lè kà wọ́n. Ibo ni wọ́n fẹ́ gbà wọlé? Ohun tó jáde dà bí ìgbà tí ọmọ jẹ ẹ̀bà tí kò nu ẹnu.

Èyí tó burú jù ni ilẹ̀. Ìwọ náà mọ ilẹ̀ wa ní Kétu, ó pọ́n ròrò. Mo ya ilẹ̀ pupa, mo ya ilé alámọ̀, mo wá fi ọmọ adúláwọ̀ tó wọ aṣọ àwọ̀ ilẹ̀ sáàárín wọn. Mo gbé fóònù fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mo ní, "Èwo ni ìwọ nínú wọn?" Ó wò ó dáadáa, ó fọwọ́ kan ìyá tó ń dín àkàrà. Ìyá alákàrà wé gèlè funfun, ohun tó jẹ́ kó rí i nìyẹn.

Mo rò pé ọwọ́ mi ni kò dáa tó. Mo bá ayàwòrán kan sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo san 60,000 séfà fún un. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó fi àwòrán ránṣẹ́: eyín ẹranko lọ́rùn, awọ ẹkùn ní ìbàdí, egungun nínú irun, ẹfun lójú. Kò sẹ́nikẹ́ni ní Kétu, láyé bàbá bàbá mi pàápàá, tó múra báyẹn lọ sóko. Owó náà dùn mí púpọ̀, torí owó tí mo kó jọ láti ra bátìrì ni. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù ni pé nígbà tí mo gbé tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, àṣìṣe kan náà ni àwa méjèèjì ṣe. Àwa méjèèjì ń kó ẹrù lé ọmọ náà lórí ká lè fi hàn pé ibi báyìí ló ti wá.

Ibi tí mo ti wá rí ojútùú ni ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Agbẹ́gilére ni wọ́n, igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni wọ́n sì ń gbẹ́ jù. Mo gbé èrò tuntun kan lọ bá wọn: pé kí Àbẹ̀kẹ́ máa gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bojú bí ìjà bá le, kó lè rí agbára gbà. Wọ́n wo àwòrán náà pẹ́. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìwọ tí a bí sí Kétu?" Mo dákẹ́. Wọ́n ní ọkùnrin ló ń gbé e jó, láti fi tu àwọn ìyá wa lójú. Wọ́n tún ní Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kì í bo ojú, orí ló ń jókòó lé, aṣọ ló ń bo ojú ẹni tó gbé e, inú aṣọ yẹn ló sì ti ń ríran. Mo ti ń wò ó láti kékeré, ojú mi sì ń kọjá lára rẹ̀.

Wọ́n wá gbé ọ̀kan tí wọn ò tíì kùn lé mi lẹ́sẹ̀. Òórùn igi tútù ṣì wà lára rẹ̀. Ìsàlẹ̀ jẹ́ ojú ènìyàn: ẹnu pa dé, ojú tutù, iwájú orí ń dán. Ojú yẹn lè jẹ́ ti ẹnikẹ́ni. Òkè orí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà: ẹyẹ kan ń bá ejò jà. Wọ́n fi ọwọ́ bo òkè náà, wọ́n bi mí pé ta nìyí. Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n ká ọwọ́ wọn kúrò, wọ́n fi bo ojú ìsàlẹ̀, wọ́n tún bi mí. Mo ní ẹyẹ àti ejò. Wọ́n ní, "Ẹni tó wà ní ìdí igi lẹ́yìn ọjà lọ́hùn-ún, ojú rẹ̀ ò lè tó ẹnu àti imú. Ó gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó jáde." Láti 2001 tí UNESCO, àjọ àgbáyé fún ẹ̀kọ́ àti àṣà, ti kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ọ̀kan lára àṣà tó ṣe iyebíye fún aráyé ni mo ti ń fi yangàn fún àlejò pé tiwa ni. Ijó àti orin rẹ̀ nìkan ni mo rò pé ó wà nínú rẹ̀ fún mi.

Mo délé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo tú gbogbo ẹrù kúrò lára Àbẹ̀kẹ́. Mo yọ iyùn, mo yọ bèbè, mo yọ àdó. Mo jẹ́ kí ojú rẹ̀ tutù, kí ẹni tó ń gbá géèmù lè fi ojú tirẹ̀ sí i. Mo wá di irun rẹ̀ ní ṣùkú, torí ṣùkú máa ń ga sókè láàárín orí. Píkísẹ́lì mẹ́fà péré ni mo fún un, ó sì ti tó. Lẹ́yìn náà mo gbé apó ọfà bàbá rẹ̀ kọ́ ọ lẹ́jìká òsì. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yà á kó tóbi jù fún un, kí ẹnu rẹ̀ yọ kọjá etí. Ẹnikẹ́ni tó bá rí i máa mọ̀ pé ohun tó gbé yìí, ẹlòmíràn ló ni ín, mi ò sì tíì kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Aṣọ rẹ̀ mo rẹ sínú aró ẹlú, torí ilẹ̀ pupa kì í gbé aró mì.

Ohun tó yẹ kí o ṣe lónìí gan-an nìyí, kí o lè mọ̀ bóyá akọni rẹ yàtọ̀. Fi dúdú kun akọni rẹ látòkè délẹ̀, kó ku òjìji nìkan. Ṣe bákan náà fún ará ọjà márùn-ún. Tò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí o pe ọmọdé tí kò tíì rí géèmù náà rí, kí o bi í pé èwo ni akọni. Wo Cloud, akọni inú géèmù Final Fantasy VII ti 1997. Orí ilẹ̀ nínú géèmù yẹn, ọwọ́ rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ dà bí àpótí kéékèèké tí wọ́n tò pọ̀, síbẹ̀ irun ṣóńṣó-ṣóńṣó àti idà gbàgìdì yẹn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣì í mọ̀. Irun dúdú tí wọ́n tẹ́ sẹ́yìn ni Tetsuya Nomura, ayàwòrán rẹ̀, kọ́kọ́ yà fún un kó tó yí i padà.

Àwọ̀ ara náà ṣe pàtàkì, má fojú kéré rẹ̀. Bí o bá ń fi dúdú lásán ṣe òjìji lára adúláwọ̀, ara máa rí bíi ti ẹni tí kò para láti òwúrọ̀, á funfun bí eérú. Fi àwọ̀ osùn tó ti ṣú ṣe ibi òjìji, kí o wá fi àwọ̀ oòrùn ìrọ̀lẹ́ kan iwájú orí àti imú, píkísẹ́lì méjì péré. Àwọ̀ mẹ́rin ni gbogbo ara Àbẹ̀kẹ́, ó sì ń dán bí ẹni tó fi àdí para.

Mo ṣì tún ṣubú lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì fẹ́ kí o gbọ́ èyí dáadáa. Nínú RPG Maker, àwòrán ìrìn ènìyàn kan jẹ́ 12: ìhà mẹ́rin, mẹ́ta-mẹ́ta. Ọ̀lẹ mú mi, mo ya ìhà ọ̀tún, mo sì dà á kọ bí ẹni ń wo dígí láti fi ṣe ìhà òsì. Apó fò láti èjìká kan sí èkejì, mi ò kà á sí. Ní ọjọ́ kan ìyá mi ń kọjá lẹ́yìn mi. Wọn ò mọ nǹkan kan nípa géèmù. Ibi tí Àbẹ̀kẹ́ ti ń gbé obì fún Alákétu ni mo wà, ìhà òsì sì ni ìtẹ́ wà. Ìyá mi dúró. Wọ́n ní, "Ta ló bí ọmọ yìí, tó dúró ṣánṣán níwájú Kábíyèsí, tó ń fi ọwọ́ òsì fún wọn ní obì?"

Ó ká mi lára. Mo ti lo ọdún kan lórí irun àti aṣọ láti sọ ọmọ náà di ọmọ Kétu, mo gbàgbé pé ọwọ́ àti orúnkún ni wọ́n fi ń mọ ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Mo tún ìhà òsì yà látìbẹ̀rẹ̀, mo sì ya àwòrán ìkúnlẹ̀ fún un. Àwòrán mẹ́ta péré ni ìkúnlẹ̀ gbà. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe fún Àbẹ̀kẹ́, kò sí èyí tí àwọn èèyàn mi fẹ́ràn tó o. (Àwọn ilé-iṣẹ́ géèmù ńlá náà ń bá ọwọ́ òsì jà. Ní 2006 tí Nintendo ń gbé géèmù Twilight Princess bọ̀ sórí Wii, ẹ̀rọ géèmù wọn, wọ́n fẹ́ kí Link, akọni rẹ̀ tó jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì, fi ọwọ́ ọ̀tún mú idà, odindi ayé inú géèmù náà ni wọ́n dà kọ.)

Ní ti yíyàn tí o béèrè, wo iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀. Àwòrán ìrìn jẹ́ 12, ti ìjà tí wọ́n ń wò láti ẹ̀gbẹ́ jẹ́ 54, ìyẹn 66 fún ohun kọ̀ọ̀kan tí wọ́n lè yàn. Ká ní ara méjì lo fẹ́ gbé kalẹ̀, irun márùn-ún, aṣọ mẹ́rin tó gbọ́dọ̀ bá ara méjèèjì mu: 132 fún ara, 330 fún irun àti 528 fún aṣọ, ó di 990. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú 20, wákàtí 330 nìyẹn, ìwọ nìkan, pẹ̀lú iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Ẹ̀rọ náà ní ẹ̀yà tirẹ̀ tí o lè tò pọ̀, ṣùgbọ́n mi ò rí ṣùkú nínú wọn. Nígbà tí géèmù RPG Dragon Quest àkọ́kọ́ jáde ní Japan ní 1986, akọni rẹ̀ kì í tiẹ̀ yíjú. Iwájú ló ń kọ sí bó bá ń rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀yìn ìyẹn, ní ti Amẹ́ríkà, ni wọ́n ya ìhà yòókù. Ojú kò tì wọ́n láti fi ìwọ̀nba bẹ̀rẹ̀.

Yàtọ̀ sí iṣẹ́, bi ìtàn rẹ pé ọmọ ta ni akọni yìí. Bí kò bá jẹ́ ọmọ ẹnì kan pàtó, tó jẹ́ àjèjì tó kàn wọ̀lú, jẹ́ kí wọ́n yan ojú tó wù wọ́n. Ṣùgbọ́n ìwọ ní akọni rẹ ní oríkì, o ní ìyá rẹ̀ ń kì í ní ìbẹ̀rẹ̀ géèmù. Oríkì kò ṣeé fún ẹni tí o kò mọ̀. "Ẹni tí a bẹ̀ kí a tó kẹ́" ni Àbẹ̀kẹ́, ìdí nìyẹn tí kò fi lè jókòó sílé nígbà tí bàbá tó kẹ́ ẹ sọnù. Bí mo bá jẹ́ kí wọ́n yí i padà, ìtàn yẹn á tú. Àwọn Kiro'o Games, ilé-iṣẹ́ géèmù ní Yaoundé, ní Kamẹrúùnù, náà ò jẹ́ kí wọ́n yan akọni mìíràn nínú géèmù wọn Aurion ní 2016: Enzo ọmọ ọba àti Erine aya rẹ̀ ni o máa bá lọ. Lọ gbá a, kí o wo bí o ṣe ń rí àwọn méjèèjì nínú ìjà tó kún fún iná.

Ya òjìji mẹ́fà yẹn kí ọ̀sẹ̀ tó parí, kí o fi ránṣẹ́ sí mi láìsọ èwo ni akọni. Bí mo bá ṣì í mú, a ó jọ wá ohun tí yóò wà lórí rẹ̀. Jọ̀ọ́, má fi ìlẹ̀kẹ̀ kankan kún un kí o tó fi ránṣẹ́.