Ẹ má sún ìrìn-àjò São Tomé yín sí oṣù Kejìlá

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní iṣẹ́ ń gbé yín lọ sí São Tomé, erékùṣù inú òkun Àtìláńtíìkì yẹn, ẹ sì fẹ́ sún un láti oṣù Kẹfà sí Kejìlá kí òjò má baà yọ ìyàwó àtàwọn ọmọ lẹ́nu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti gbé ibẹ̀ rí. Oṣù Kẹfà tí òjò ń dà gidi ní Èkó, ẹ̀ẹ̀rùn ló ń wọlé ní tiwọn. Gravana ni wọ́n ń pè é, ó sì ń lọ títí di oṣù Kẹsàn-án. Oṣù Kejìlá tí ẹ ń sọ yẹn, inú òjò lẹ máa bá wọn.

Oòrùn ni òjò ń tẹ̀ lé kiri. Ìlà agbedeméjì ayé gba orí Rolas kọjá, ìyẹn erékùṣù kékeré tó wà ní gúúsù São Tomé. Bí oòrùn bá ti wá sí apá àríwá lọ́dọ̀ tiwa, òjò á bá a wá. Omi òkun wọn náà á wá tutù, kò ní jẹ́ kí ìkùukùu ga débi tí á fi rọ òjò ńlá. Omi tútù yìí wà lára ohun tó ń dá òjò Èkó dúró díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ. Àmọ́ ẹ má retí ọyẹ́ o. Kò sí eruku níbẹ̀; ojú ọ̀run á kàn ṣú, ara á sì tuni.

Ibi tẹ́ ẹ máa gbàlé sí ló yẹ kẹ́ ẹ rò jù. Erékùṣù São Tomé ò gùn tó 50 kìlómítà, síbẹ̀ òjò ibì kan ò jọ tibòmíì rárá. Òkè ló fà á. Pico de São Tomé ga tó 2,024 mítà; iná abẹ́ ilẹ̀ ló ti gbogbo ilẹ̀ náà jáde látinú òkun. Atẹ́gùn tó ru omi bọ̀ láti gúúsù á kọ lu òkè yìí, á gòkè, á tutù, ibẹ̀ ló sì máa da ẹrù rẹ̀ sí. Gúúsù ìwọ̀ oòrùn ń gba ju 5,000 mìlímítà lọ lọ́dún. Olú ìlú tó wà lẹ́yìn òkè ń gba nǹkan bí 1,000.

Ojú ọ̀nà lẹ ti máa rí i. Ní àríwá, lápá Lagoa Azul, koríko gbígbẹ àti igi oṣè ló wà níbẹ̀, bí ẹni wà lókè Ọya. Ẹ wakọ̀ gba gúúsù kọjá ìlú Angolares, kódà láàárín gravana, wáípà yín ò ní sinmi. Pico Cão Grande wà níbẹ̀, òkúta kan ṣoṣo tó dúró ṣánṣán, tó ga ju 300 mítà lọ láti ìdí rẹ̀: iná tó dì sí ọ̀nà ọ̀fun òkè oníná ni, òjò ti fọ ara òkè náà dànù. Ẹ ní sùúrù níbẹ̀, kùrukùru á ṣí fún un díẹ̀. Ó rẹwà débi pé mi ò lè ṣàpèjúwe rẹ̀ tán.

Fún ẹni tó ní ọmọ kékeré, olú ìlú tàbí Trindade, ìlú tó wà nítòsí rẹ̀, ni mo fara mọ́. Ẹlòmíì á fi ilé lọ̀ yín lókè, lápá Monte Café níbi tí wọ́n ti ń gbin kọfí. Òtútù ibẹ̀ dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n aṣọ tẹ́ ẹ bá sá kì í tètè gbẹ, bẹ́líìtì aláwọ inú kọ́bọ́ọ̀dù á sì bu funfun. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ilé náà, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀ wò.